Ẹ Tú Okùn Lẹ́sẹ̀ Màmá

Ẹni tó bá ń wá ìtàn ìfẹ́, kó ṣí ojú ewé mìíràn. Ó wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ. Ìjà ni mo gbé wá ní tèmi, èèyàn mẹ́ta ni mo sì fẹ́ bá jà. Ẹni àkọ́kọ́ ni ẹni tó rí arúgbó tí iyè rẹ̀ ti ń ra, tó ní àjẹ́ ni. Ẹnì kejì ni ẹni tó ti màmá ẹ̀ mọ́ yàrá, tó fi àgádágodo há a mọ́bẹ̀, tàbí tó so ó mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, tó wá ń sọ pé ìfẹ́ ló mú kóun ṣe é. Ẹnì kẹta ló máa dun àwa ọ̀làjú jù: ẹni tó ra ẹ̀rọ kan ránṣẹ́ láti Èkó tàbí láti òkè òkun, tó rò pé ojúṣe òun ti parí síbẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má baà ní n kò sọ ibi tí mò ń lọ, mo ti sọ ọ́ báyìí. Ẹ̀rọ aláìlókùn wà lónìí tó lè gba àwọn àgbà wa lọ́wọ́ okùn. Ó yẹ ká lò ó. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í tọ́jú èèyàn, èèyàn ló ń fi ẹ̀rọ tọ́jú èèyàn. Ilé tí kò bá ti sí ẹni tó máa dìde nígbà tí ẹ̀rọ bá ké, ariwo lásán ni wọ́n fowó rà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ pe àrùn náà lórúkọ. Àwọn baba wa mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní “ó ń ṣarán.” Ọ̀rọ̀ yẹn ti pẹ́ ju yunifásítì èyíkéyìí nílẹ̀ yìí lọ, ìyẹn nìkan ti tó láti fi hàn pé kì í ṣe àná ni Yorùbá ti ń rí i. Dementia ni àwọn òyìnbó ń pè é. Kì í ṣe àrùn kan ṣoṣo, orúkọ àjọpè ni. Alzheimer ló wọ́pọ̀ jù nínú wọn, èyí tí dókítà ará Jámánì kan, Alois Alzheimer, ṣàlàyé lọ́dún 1906. Òmíràn máa ń tara ẹ̀jẹ̀ ríru àti àrùn rọpárọsẹ̀ wá, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ọpọlọ dáadáa mọ́. Èyí tó wù kó jẹ́, díẹ̀díẹ̀ ló ń jẹ èèyàn. Á kọ́kọ́ máa béèrè ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹwàá. Á gbé kọ́kọ́rọ́ sínú ìkòkò ọbẹ̀. Á gbàgbé orúkọ ọmọ tó bí. Tó bá yá, á gbàgbé ọ̀nà ilé tó ti gbé láti ogójì ọdún.

Kì í ṣe gbogbo àgbà ló sì ń ṣe o. Bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ sókè ni ewu ẹ̀ ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí nìkan kọ́ ni àrùn náà. Bàbá ẹlòmíràn ti pé 90, síbẹ̀ ó ṣì mọ iye tí wọ́n jẹ ẹ́ lọ́dún 1973 tí a yí owó wa sí náírà, ó sì mọ ọmọ ẹni tó jẹ gbèsè náà.

Àwọn kan wà nínú wa tó máa ń fọ́nnu pé àrùn òyìnbó ni. Wọ́n á ní àwọn gbọ́ pé wọ́n ṣe ìwádìí ẹ̀ n’Íbàdàn. Òótọ́ ni, wọ́n ṣe é. Láti ọdún 1992 ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana l’Ámẹ́ríkà ti jọ dáwọ́ lé iṣẹ́ yìí, olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun sì wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Àdúgbò Ìdíkàn ni wọ́n lọ n’Íbàdàn. Ní Indianapolis, àwọn Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ni wọ́n yẹ̀ wò. Lọ́dún 2001 ni wọ́n tẹ àbájáde ẹ̀ jáde. Lọ́dọọdún, ìdá 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn àgbà Ìdíkàn tó ti lé ní 65 ni àrùn yìí ń mú. Ní Indianapolis, ìdá 3.24 ni. Tiwa kéré, kò tó ìdajì tiwọn.

Kíkéré kọ́ ni àìsí o! Ẹ ṣírò ẹ̀ wò. Nínú ẹgbẹ̀rún kan àgbà, bíi mẹ́tàlá sí mẹ́rìnlá ni àrùn yìí ń mú lọ́tun lọ́dún kan ṣoṣo, àwọn tó ti mú tẹ́lẹ̀ ò sí nínú ẹ̀. Ẹni tó bá ń fi ìwádìí Ìdíkàn fọ́nnu, ìlàjì ẹ̀ ló kà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní lọ́dún 2021, mílíọ̀nù 57 èèyàn ló ní àrùn yìí lágbàáyé, ohun tó sì ju 60 lọ nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ń gbé ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó púpọ̀, irú tiwa. Àrùn òyìnbó wo la tún ń wí?

Ó yá, ẹni àkọ́kọ́, jáde wá.

Màmá kan jí láàárín òru, ó rò pé ilẹ̀ ti mọ́. Ó ṣílẹ̀kùn, ó ń lọ sí ọjà tó ti fi sílẹ̀ láti ogún ọdún. Ẹnu ọ̀nà onílé kejì ló já sí, aṣọ ò sí lára ẹ̀, ó ń pe orúkọ ẹni tó ti kú. Kí ni àdúgbò máa sọ? Wọ́n á ní àjẹ́ já. Wọ́n á ní ẹyẹ ló ń fò lọ, àdúrà ló já a bọ́ tó di arúgbó. Ẹlòmíràn á ti gbé táyà, ẹlòmíràn á ti yọ fóònù láti yà á ní fídíò. Wọ́n á ní kó jẹ́wọ́. Á sì jẹ́wọ́ ni! Ẹni tí iyè ẹ̀ ti lọ, ohun tẹ́ ẹ bá ti tẹnu mọ́ ló máa gbà. “Ṣé ìwọ lo pa ọmọ onílé yìí?” “Èmi ni.” Ẹ bi í bóyá òun ló gbé òṣùpá mì ní àná, á ní òun ni.

Wọ́n á wá máa pòwe: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Òwe yẹn dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n òwe kì í ṣe ẹ̀rí ní kóòtù. Mo tún ní ìbéèrè kan. Bí bàbá bá ṣe irú ẹ̀, wọ́n á ní “bàbá ti dàgbà.” Bó bá jẹ́ màmá, àjẹ́ ni. Ṣé àrùn náà máa ń yẹ abẹ́ aṣọ wò kó tó yan orúkọ tó máa jẹ́ ni? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kàwé, tẹ́ ẹ tún ń fi irú fídíò bẹ́ẹ̀ ṣọwọ́ sí ara yín lórí WhatsApp, tẹ́ ẹ̀ ń kọ “Jésù jọba” sí abẹ́ ẹ̀, ẹ̀yin náà gbé òkúta. Bí kò bá tíì balẹ̀, ó ti kúrò lọ́wọ́ yín.

Ẹnì kejì ńkọ́? Mi ò ní pè é ní ìkà. Mo mọ irú ilé tó wà. Ọmọbìnrin kan ló kù nílé, òun ló ń ta ata ní ìsọ̀, òun náà ló gbọ́dọ̀ jókòó ti màmá. Àwọn ọkùnrin ilé ń fi ẹgbẹ̀rún méjì náírà ránṣẹ́, wọ́n ń béèrè pé “ṣé màmá wà dáadáa?” Àjọ Ìlera Àgbáyé kan náà ní 70 nínú ọgọ́rùn-ún wákàtí tí wọ́n ń fi tọ́jú irú aláìsàn bẹ́ẹ̀, àwọn obìnrin ló ń ṣe é. Àìkàwé kọ́ ni obìnrin yẹn ṣe mú àgádágodo. Títì gbọ̀ngàn ló wà níwájú ilé, ọlọ́kadà ń sáré, gọ́tà ò ní ìdérí, ọjọ́ méjì sì ni wọ́n fi wá màmá lẹ́ẹ̀kan rí. Ẹgbẹ́ Alzheimer’s Association ti Amẹ́ríkà ní nínú ẹni mẹ́wàá tó ní àrùn yìí, mẹ́fà ló máa rìn gbéregbère sọnù, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà, ẹ̀rù tó ń bà á tọ́.

Ẹ̀rù tọ́, ṣùgbọ́n okùn ò tọ́. Bí iná bá sọ nínú ilé tí wọ́n há màmá mọ́, ta ló máa ṣílẹ̀kùn fún un? Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́ ńkọ́? Ẹni tí wọ́n so mọ́ bẹ́ẹ̀dì á máa jà láti tú ara ẹ̀, á ṣubú, egungun á kán, ara tí kì í rìn á le, awọ á máa bó níbi tó gbé sùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹni tí kò rántí ohun tó jẹ láàárọ̀ ṣì mọ̀ pé wọ́n so òun. Kò mọ ìdí ẹ̀ ni. Ìyẹn ló ṣe ń pariwo. Ẹ̀yin á wá ní arán ti pọ̀ sí i.

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ ẹ̀ ní í mu. Wọn ò sọ pé kí ọmọ so òkété mọ́lẹ̀ kó tó fún un lọ́mú.

Kí wá ni ẹ̀rọ aláìlókùn lè ṣe sí i? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nílé, kì í ṣe bí olùkọ́ fíṣíìsì.

Èyí tó rọrùn jù ni ti ilẹ̀kùn. Wọ́n á lẹ mágínẹ́ẹ̀tì kékeré kan mọ́ ilẹ̀kùn, wọ́n á lẹ ẹ̀rọ kékeré tó ń mọ mágínẹ́ẹ̀tì náà lára mọ́ férémù. Bí ilẹ̀kùn bá ti ṣí, tí àwọn méjèèjì yà, ẹ̀rọ á mọ̀, á fi ìgbì rédíò ránṣẹ́ sí aago kan tó wà nínú yàrá ọmọ. Aago á dún. Màmá tó jí láàárín òru kò ní í tíì dé géètì tí ọmọ fi máa bá a, á ní “Màmá, ilẹ̀ ò tíì mọ́ o, ẹ jẹ́ ká mu omi ká padà sùn.” Ẹ̀rọ kékeré méjì péré ló máa dúró láàárín màmá yẹn àti àwọn tó ń gbé táyà.

Èkejì ni GPS tí wọ́n ń fi mọ ibi tí èèyàn wà. Ọ̀pọ̀ nínú yín rò pé sátẹ́láìtì ló ń wo èèyàn látòkè. Rárá o. Sátẹ́láìtì ń pariwo lójú ọ̀run ni, ẹ̀rọ kékeré yẹn sì ń fetí sí i. Bó bá ti gbọ́ ohùn mẹ́rin nínú wọn, á fi àkókò tí ohùn kọ̀ọ̀kan fi dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ ṣírò ibi tó wà. Gbígbọ́ nìkan ló ń gbọ́. Kó tó lè sọ fún yín, ó gbọ́dọ̀ ní sím nínú, nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbọ́dọ̀ wà, owó sì gbọ́dọ̀ wà lórí sím náà. Ẹ̀yin á wá fa ààlà fún un lórí fóònù yín: láti ilé dé mọ́ṣáláṣí, láti ilé dé ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ màmá tó ń ta àkàrà. Bó bá kọjá ààlà, àtẹ̀jíṣẹ́ á wọlé. Láàárín ààlà yẹn, ẹ fi í sílẹ̀ kó rìn! Kó lọ kí ọ̀rẹ́ ẹ̀. Kó jókòó sábẹ́ igi. Kó bá wọn dá sí ìjà tí kò kàn án. Àgbà tó ń jáde, tó ń kí èèyàn, ó ṣì wà láàyè. Èyí tí wọ́n há mọ́lé, wọ́n ti ń sin ín díẹ̀díẹ̀.

Níbo la máa fi ẹ̀rọ náà sí? Bí ẹ bá so aago àjèjì mọ́ màmá lọ́wọ́, á já a dànù kó tó di ìrọ̀lẹ́. Òótọ́ kan wà nípa àrùn yìí tí ó yẹ ká fi ṣọgbọ́n: ohun tí ọwọ́ ti mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ máa ń pẹ́ kó tó lọ. Màmá tó ti gbàgbé orúkọ yín kò tíì gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ró ìró. Nítorí náà, ẹ rán an sínú àpò tòbí ẹ̀, níbi tó ti ń kó owó sí láti ìgbà tó ti ń náwó fúnra ẹ̀. Bó bá jẹ́ bàbá ni, àpò bùbá tàbí bàtà tó máa ń wọ̀ lójoojúmọ́.

N ò ní purọ́ fún yín nípa àìlera ẹ̀. Nínú ilé oníkọnkéré, ohùn sátẹ́láìtì kì í fi bẹ́ẹ̀ wọlé, ẹ̀rọ lè máa sọ pé màmá wà lójúlé kejì nígbà tó jẹ́ pé bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ ló wà. Bátìrì máa ń kú. Iná ìjọba, ẹ mọ tiwa. Bí iná ò bá wá fún ọjọ́ mẹ́ta, tí ẹnikẹ́ni ò sì rántí gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣaájì fóònù, irin lásán ló wà nínú tòbí. Gbogbo àìlera wọ̀nyí ló ní ohun kan tó ń wò wọ́n sàn: èèyàn kan tó ń rántí. Ẹ rí i pé ibì kan náà ni mo ń padà sí.

Ẹnì kan á ní: “Ṣé kì í ṣe pé ẹ fẹ́ máa ṣọ́ àgbà bí ẹni ń ṣọ́ ẹran ọ̀sìn nìyẹn?” Ìbéèrè tó dára ni. Lọ́dún 2013, nígbà tí àwọn ọlọ́pàá Sussex ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ra ẹ̀rọ GPS fún àwọn tó ní àrùn yìí, ẹgbẹ́ àwọn afẹ̀yìntì fárígá, wọ́n ní wọ́n fẹ́ ka àgbà mọ́ ọ̀daràn ni. Mi ò fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ó yẹ ká bi àgbà léèrè kí iyè tó lọ tán. Ní ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tó ṣì ń mọ̀ pé òun ń gbàgbé, ẹ jókòó tì í, ẹ sọ fún un: “Màmá, ẹ̀rọ kan rèé, tó máa jẹ́ ká rí yín bí ọ̀nà bá dà rú mọ́ yín lójú. Ta lẹ fẹ́ kó máa rí i nínú àwa ọmọ?” Ẹni tó bá dárúkọ, òun ni. Kì í ṣe gbogbo ẹbí, kì í ṣe ìyàwó ilé tó ń wá ẹ̀sùn, kì í ṣe pásítọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbèjà ẹ̀tọ́ àgbà níwájú ẹ̀rọ, níbo lẹ wà nígbà tí wọ́n ń ra àgádágodo? Okùn bi í léèrè kó tó so ó? Ẹ má fi ẹ̀tọ́ da aṣọ bo ìwà ọ̀lẹ.

Ẹ̀yin ẹnì kẹta, mo ti dé ọ̀dọ̀ yín báyìí.

Mo mọ̀ yín. Ẹ wà ní London, ní Houston, ní Lẹ́kìí. Ẹ ti ra kámẹ́rà, ẹ ti kàn án mọ́ ògiri yàrá màmá n’Íbàdàn tàbí l’Ọ́ṣogbo, ẹ sì ń wò ó lórí fóònù níbi iṣẹ́. Ẹ rí i pé ó jókòó. Ẹ rí i pé ó ṣubú. Lẹ́yìn náà ńkọ́? Ẹ pe ọmọ ọ̀dọ̀, kò gbé e. Ẹ pe àbúrò yín, ó wà nínú ọkọ̀. Màmá ṣì wà nílẹ̀, ẹ ṣì ń wò ó. Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà, wọn ò ní ojú kámẹ́rà.

Ẹ má rò pé ẹnu lásán ni mo fi ń sọ ọ́. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n dán an wò. Wọ́n pe ìwádìí náà ní ATTILA. Àwọn 495 èèyàn tó ní àrùn yìí, tí wọ́n ṣì ń gbé nínú ilé ara wọn, ni wọ́n pín sí ọ̀nà méjì. Wọ́n fún apá kan ní gbogbo oríṣiríṣi ẹ̀rọ atanilólobó tí àyẹ̀wò ní ó yẹ wọ́n; apá kejì gba ìwọ̀nba díẹ̀, irú aago tó ń ké bí èéfín bá sọ. Ọdún méjì ni wọ́n fi ń ṣọ́ wọn. Nígbà tí àbájáde ẹ̀ máa jáde lọ́dún 2021, kò sí ìyàtọ̀ gidi kan: àwọn tí ẹ̀rọ pọ̀ lọ́dọ̀ wọn kò pẹ́ nílé ju àwọn yòókù lọ kí wọ́n tó kó wọn lọ sí ilé ìtọ́jú àgbà. Ilẹ̀ tí iná kì í lọ nìyẹn o, ilẹ̀ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, tí ìjọba ń rán òṣìṣẹ́ lọ sílé arúgbó.

Ẹlòmíràn á ka ìyẹn, á ní ẹ̀rọ ò wúlò. Èmi ò kà á bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo kà níbẹ̀ ni pé kíkó ẹ̀rọ jọ sínú ilé kọ́ ni ìtọ́jú. Ó lè sọ fún yín pé ilẹ̀kùn ṣí, kò lè di màmá lọ́wọ́ mú. Ó lè rán an létí oògùn, kò lè mọ̀ pé ó tu ú sábẹ́ ìrọ̀rí.

Ní Èkó lọ́dún 1935, àwọn òyìnbó amúnisìn gbé rédíò onídàápọ̀ dé, èyí tí wọ́n ń fi okùn wáyà gbé wọ ilé. Àwọn baba wa wò ó, wọ́n fún un lórúkọ tí kò lẹ́gbẹ́: asọ̀rọ̀mágbèsì. Wọ́n rí i kíá pé ohun tó ń sọ̀rọ̀ tí kò gba èsì, ó ní ibi tó mọ. Lónìí, wáyà ti kúrò níbẹ̀, GSM ti dé láti oṣù kẹjọ ọdún 2001, tọmọdé tàgbà ló ń gbé fóònù kiri. Ẹ̀rọ ti lè gba èsì báyìí. Àwa ọmọ la wá di asọ̀rọ̀mágbèsì: à ń fohùn ránṣẹ́, à ń fowó ránṣẹ́, bí ilé bá wá ké pè wá, a ò gbọ́.

Ẹ wo Japan. Ta ló tún ní ẹ̀rọ tó wọn? Síbẹ̀, lọ́dún 2023 nìkan, àwọn 19,039 èèyàn tó ní àrùn yìí ni wọ́n fi tó ọlọ́pàá létí pé wọ́n sọnù. Wọ́n ń lo GPS. Lọ́dún 2016, ìlú Iruma bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ àmì kékeré kan mọ́ èékánná àwọn àgbà, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá fi fóònù yà á, nọ́ńbà ibi tí wọ́n máa pè á jáde. Ṣùgbọ́n èyí tó wù mí jù ni ti ìlú Omuta. Láti ọdún 2004, wọ́n máa ń ṣe ìdánrawò níbẹ̀: ẹnì kan á ṣe bí ẹni tí ọ̀nà dà rú mọ́ lójú, á máa rìn káàkiri ìlú, àwọn ará àdúgbò á máa wá a, wọ́n á kọ́ bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ ọn jẹ́jẹ́, tí wọn ò ní kó ìpayà bá a. Àwọn tó ní ẹ̀rọ ló tún ń kọ́ ènìyàn o!

Àwa ńkọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní a ò lówó, ẹ jẹ́ ká ka ohun tá a ní. Mọ́ṣáláṣí ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó ń dé gbogbo àdúgbò, òun náà sì ni wọ́n fi ń kéde ọmọ tó sọnù. Ilé iṣẹ́ rédíò ń ka ìkéde ẹni tí wọ́n ń wá. Rédíò náà, ẹ̀rọ aláìlókùn ni. Àwọn ọlọ́kadà àti oníkẹ̀kẹ́ Márúwá mọ gbogbo kọ́ọ̀nà, wọ́n ní ẹgbẹ́, wọ́n ní alága, wọ́n ní WhatsApp. Ìyálọ́jà mọ ojú gbogbo arúgbó tó ń kọjá. Ohun tó kù ni kí ẹnì kan so gbogbo wọn pọ̀ kí màmá tó sọnù. Ẹ gbé àwòrán ẹ̀ fún wọn, ẹ sọ fún wọn pé: “Màmá yìí kì í ṣe àjẹ́, iyè ẹ̀ ló ń ra. Bí ẹ bá rí i tó kọjá gáréèjì, ẹ fún un lómi, kẹ́ ẹ pe nọ́ńbà yìí.” Kò gbọ́n ju kí ẹ lọ kí wọn lọ. Àbí owó ni kíkí?

Kí wá ni tiwa gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́?

Ẹ̀yin ará ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ, ẹ má bínú sí mi. Lọ́dọọdún lẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá: ẹ̀rọ tó ń tan iná bí èèyàn bá pàtẹ́wọ́, ẹ̀rọ tó ń ké bí omi bá kún táǹkì. Olùkọ́ á fún yín ní máàkì, ẹ̀rọ á wọ kọ́bọ́ọ̀dù, eruku á bò ó, ọdún tó ń bọ̀ ẹlòmíràn á tún ṣe irú ẹ̀. Mágínẹ́ẹ̀tì ilẹ̀kùn, bọ́ọ̀dù Arduino kékeré kan, àti ibi tí sím ń wọ̀: ohun tí ìyá àgbà kan nílò ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ṣe é fún ẹnì kan ní àdúgbò tẹ́ ẹ háyà yàrá sí. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ padà lọ wò ó bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ìyẹn ni ìdánwò gidi, kì í ṣe èyí tí olùkọ́ fi bíírò pupa kọ nǹkan sí.

Ẹ̀yin òǹkọ̀wé, ẹ̀yin ará ẹ̀ka èdè, ẹ má rò pé tiyín ò sí níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ń rán àgbà létí oògùn, Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ. Gẹ̀ẹ́sì kẹ̀! Àwọn àgbà kan tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa tẹ́lẹ̀, èdè abínibí ló máa ń kù sí wọn lẹ́nu bí àrùn yìí bá wọra. Ẹ gba ohùn ọmọ màmá fúnra ẹ̀ sílẹ̀ sórí fóònù, ní Ìjẹ̀bú bó bá jẹ́ Ìjẹ̀bú, ní Èkìtì bó bá jẹ́ Èkìtì: “Màmá, ẹ lo oògùn yín o.” Ẹ fi oríkì ẹ̀ sí i. Ẹni tó ti gbàgbé orúkọ tí wọ́n ń fi pè é ní báńkì lè gbé orí sókè bí ó bá gbọ́ oríkì tí ìyá ẹ̀ fi ń kì í.

Gbogbo wa pátá, bí ẹ bá délé lọ́lidé, ẹ ṣe nǹkan mẹ́ta. Ẹ mú àgbà tó ń gbàgbé lọ sí ilé ìwòsàn. Nígbà mìíràn, ohun tó jọ arán kì í ṣe arán: àìsàn inú ìtọ̀, oògùn tó ń bá ara wọn jà, àìtó èròjà aṣaralóore, ìbànújẹ́ ọkàn, gbogbo wọn ló lè da iyè rú, wọ́n sì ní ìtọ́jú. Kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò níbẹ̀. Èkejì, ẹ rán nọ́ńbà fóònù méjì mọ́ abẹ́ ìró tàbí bùbá ẹ̀, kì í ṣe ọ̀kan, torí ọ̀kan lè wà ní pípa. Ẹ̀kẹta, ẹ jókòó pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yín, kẹ́ ẹ pín òru láàárín ara yín: ta ló máa dìde lálẹ́ Ajé bí aago bá dún? Ta ni ti Ìṣẹ́gun? Ọkùnrin wà nínú ẹ̀ o. Ẹni tó bá wà lókè òkun tí kò lè dìde, kó sanwó ẹni tó máa dìde. Bí ẹ ò bá tíì pín òru, ẹ má tíì ra ẹ̀rọ.

Mo ti jà tèmi tán. Èmi kì í ṣe asọ̀rọ̀mágbèsì. Ẹni tí ọ̀rọ̀ mi bá bí nínú, tàbí tó mọ ọgbọ́n tó ju èyí lọ, kó kọ ọ́ wá fún olóòtú kí ìwé tó ń bọ̀ tó jáde. Ṣùgbọ́n kó tó gbé bíírò, kó kọ́kọ́ lọ tú okùn lẹ́sẹ̀ màmá.